Bí a ṣe rí ìdí ìgbẹ́ gbuuru mọ́mì mi

Mọ́mì mi ní NET, ìyẹn neuroendocrine tumour, irú jẹjẹrẹ kan tó ń hù bíi kókó, inú ìfun kékeré ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé ẹ̀dọ̀. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, wọ́n gé ìparí ìfun kékeré yẹn kúrò, abẹ́rẹ́ lanreotide tó ń dá kókó yẹn dúró ni wọ́n sì ń gbà ní ọjọ́ 28 síra báyìí. Síbẹ̀ ìgbẹ́ gbuuru ò lọ, gbogbo èèyàn ń sọ pé kókó yẹn náà ni. Èmi ò gbà, torí ìgbẹ́ ọ̀hún kì í rí bákan náà.

Mo bá mú ìwé, mò ń kọ ohun tí wọ́n jẹ, aago tí wọ́n lọ tọ́lẹ́ẹ̀tì, bí ìgbẹ́ ṣe rí, àti bóyá ojú wọn ń gbóná. Wọ́n kọ́kọ́ bínú o, pé kí ni mò ń wá nínú ìgbẹ́ àgbàlagbà, àmọ́ nígbà tó yá àwọn fúnra wọn ló ń pè mí pé wá kọ tòní.

Èmi àti nọ́ọ̀sì NET jọ ka ìwé yẹn, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yé mi. Serotonin, èròjà kan tí kókó ń tú jáde, máa ń fa ìgbẹ́ olómi, ó lè jí èèyàn lóru, èèyàn ò tíì jẹun rárá, ojú á sì máa gbóná. Ìyẹn ti dín kù látìgbà abẹ́rẹ́. Èyí tó ń tẹ̀ lé dòdò àti ẹ̀fọ́ rírò yàtọ̀: ó ń funfun, ó ń rùn burúkú, ó ń léfòó, omi kì í gbé e lọ bọ̀rọ̀. Abẹ́rẹ́ yẹn gan-an ló fà á! Bó ṣe ń dá kókó dúró náà ló ń dí pancreas, ẹ̀yà ara tó ń ṣe oje tó ń da oúnjẹ, lọ́wọ́, oje tó ń da ọ̀rá ò wá tó mọ́. Wọ́n yẹ elastase, ìyẹn èròjà kan látinú oje pancreas, wò nínú ìgbẹ́, kò tó 200 µg nínú gíráàmù ìgbẹ́ kan, èyí tó fi hàn pé oje ò tó, wọ́n kọ Creon fún wọn, kápúsù tó ń rọ́pò oje yẹn. Ẹ gbọ́ o, bí oúnjẹ bá ṣe ń wọlé ni kẹ́ ẹ máa gbé e mì, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ bá jẹun tán. Ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é, Mùsùlùmí sì ni mọ́mì, ọkàn wọn ò balẹ̀ àfìgbà tí alfa wa sọ pé nǹkan ìtọ́jú ni, kí wọ́n lò ó.

Ó wá ku ti àárọ̀, omi lásán tó ń ta wọ́n nídìí. Òróòro nìyẹn. Ìparí ìfun kékeré ló ń gbà á padà sára, wọ́n sì ti gé e, ó wá ń ṣàn lọ sínú ìfun ńlá. SeHCAT, àyẹ̀wò tó ń wo bí ara ṣe ń gba òróòro padà, ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n: mọ́mì gbé kápúsù kan mì, wọ́n ya fọ́tò, a padà lọ lẹ́yìn ọjọ́ 7 kí wọ́n wo iye tó kù lára. Colestyramine, oògùn oníyẹ̀fun tó ń gbá òróòro mú nínú ìfun, ni wọ́n ń pò mọ́ omi mu fún un, àmọ́ ó máa ń gbá oògùn mìíràn mú náà, ẹ bi dókítà bẹ́ ẹ ṣe máa pín wákàtí wọn. Ẹ bi wọ́n nípa fítámì B12 náà, torí ibi tí wọ́n gé yẹn ló ń gbà á sára.