Táńkì Omi Òkun Kékeré fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀: Omi Lẹ Ń Rà, Kì í Ṣe Gíláàsì

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo ẹni tó bá wá sílé mi ní London níbí tó rí táńkì omi òkun tí mo fi ń sin ẹja àti iyùn (coral, ohun ẹlẹ́mìí inú òkun, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀) ní pálọ̀, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, èló lẹ rà á, ṣé mo lè rí kékeré rà?" Kékeré wà o. Àmọ́ kékeré yẹn gan-an ló ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà, torí ohun tí èmi náà rò nígbà yẹn ni pé bí táńkì bá ṣe kéré tó ni iṣẹ́ ẹ̀ á ṣe kéré tó. Irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, lítà 20 ni, ó rẹwà, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, inú mi ń dùn. Mo wá lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Birmingham, mo lo ọjọ́ mẹ́rin, kí n tó dé omi ti fà wálẹ̀, edé méjèèjì ti kú, iyùn ti ká jọ bí ẹni òtútù ń mú. Omi ló gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ ní tiẹ̀, inú èyí tó kù ló dúró sí. Ẹ wò ó báyìí: iyọ̀ inú omi òkun máa ń tó bíi gíráàmù 35 nínú lítà kan. Tí lítà 2 bá gbẹ nínú lítà 20, iyọ̀ yẹn á sún dé nǹkan bíi 39. Tí lítà 2 kan náà bá gbẹ nínú lítà 80, kò ní kọjá 36. Edé ò lè fara da ti àkọ́kọ́ yẹn, ti ìkejì kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹ rìnrìn àjò.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé omi lẹ ń rà. Ẹ ra omi tó pọ̀ jù tí àyè àti àpò yín bá gbà. Lójú tèmi, láàárín lítà 60 sí 100 ló dáa jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ má sì lọ sísàlẹ̀ 50. Èyí tí wọ́n ń pè ní pico, tí kò tó lítà 20, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀, bó ti wù kó wọ̀ yín lójú tó. Ẹ tún ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ gálọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ bá ń kàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì o, gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà ò tó lítà 4, ti ìlú ọba níbí lé ní lítà 4 ààbọ̀, torí náà "gálọ́ọ̀nù 20" táwọn ará Amẹ́ríkà ń sọ yẹn, bíi lítà 75 ni. Lítà ni kẹ́ ẹ máa bá lọ.

Irú tí mo máa ní kẹ́ ẹ wá ni all-in-one, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ògiri dúdú kan dá ẹ̀yìn ẹ̀ sí yàrá kéékèèké, ibẹ̀ ni fílítà, hítà àti pọ́ǹpù ń fara pamọ́ sí, iwájú á mọ́ roro, kò sí páìpù tó ń gba ìsàlẹ̀ kọjá. Red Sea ní Max Nano tó jẹ́ lítà 75, Fluval ní Evo tó jẹ́ lítà 52, àwọn ará Amẹ́ríkà sì fẹ́ràn Nuvo Fusion 20 ti Innovative Marine. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn o. Kẹ́ ẹ ṣáà bèèrè ohun tó wà nínú páálí àti ohun tí kò sí, torí àwọn kan ń tà á láìsí iná, òmíràn ò ní hítà, owó tẹ́ ẹ rò pé ẹ ti san tán á wá di ìlọ́po méjì. Ti ìrísí ẹ̀, èyí tó fẹ̀ ló dáa ju èyí tó ga lọ. Àwọn tó rí róbótó bí gíláàsì ìmumi yẹn, ẹ má rà á, ojú omi ẹ̀ kéré, atẹ́gùn kì í wọ̀ ọ́ dáadáa, ibi tẹ́ ẹ máa to òkúta sí gan-an á di ìjà.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wọn ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí. Lítà kan omi òkun ju kílò kan lọ díẹ̀, ẹ fi òkúta, iyanrìn, gíláàsì àti kọ́bọ́ọ̀dù kún un, lítà 75 yẹn á wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì méjì, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe orí tábìlì pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ rà tó ń mì lẹ máa gbé ìyẹn kà. Ẹ má gbé e sídìí fèrèsé tí oòrùn ń wọlé, algae, nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń hù nínú omi, á bò ó, ẹ má sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ń mú ilé gbóná. Wáyà iná pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kó rọ̀ wálẹ̀ ju ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ kó tó tún gòkè lọ wọ̀ ọ́, kí omi tó bá ń ṣàn lára ẹ̀ lè kán sílẹ̀, kó má wọnú iná.

Ẹja ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, kẹ́ ẹ tó mú táńkì. Ẹ kọ orúkọ èyí tó wù yín sínú ìwé, kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń tóbi tó tó bá dàgbà. Tang búlúù tí gbogbo ọmọdé ń fẹ́ yẹn máa ń gùn tó rúlà àwọn ọmọ iléèwé, sẹ̀ǹtímítà 30, táńkì kékeré kankan ò gbà á, kí ẹni tó ń tà á sọ ohun tó bá fẹ́ sọ. Fún lítà 75, clownfish méjì pẹ̀lú goby kékeré kan ti tó, ó ti pọ̀ gan-an pàápàá. Clownfish tí wọ́n sìn nínú táńkì ni kẹ́ ẹ bèèrè fún, kì í ṣe èyí tí wọ́n kó látinú òkun, ó máa ń jẹun wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ mú ọ̀kan tó tóbi díẹ̀ àti ọ̀kan tó kéré, torí akọ ni gbogbo wọn máa ń kọ́kọ́ jẹ́, èyí tó bá jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ ló ń di abo, ẹ ò rí nǹkan! Kẹ́ ẹ sì rí i pé nǹkan wà láti fi bo ojú táńkì, goby mọ̀ ọ́n fò, ilẹ̀ pálọ̀ lẹ máa bá a láàárọ̀.

Ní ti iyùn, mọ̀lẹ́bí iyùn tí ọba àti ìyàwó ń wọ̀ sọ́rùn ni, àmọ́ pupa yẹn, ìsàlẹ̀ òkun Mediterranean tó ṣókùnkùn ni wọ́n ti ń hú u, kì í ṣe òun là ń sìn ní pálọ̀. Tiwa yìí nílò iná, nǹkan ẹlẹ́mìí ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irú iyùn tí wọ́n ń pè ní mushroom, leather àti green star polyps, àmọ́ green star yẹn máa ń ràn bí ewúro ẹ̀yìnkùlé, òkúta tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e lé. Zoanthid náà rọrùn, ó sì láwọ̀ mèremère, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: òmíràn nínú wọn ní májèlé kan tí wọ́n ń pè ní palytoxin. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, ẹ má sì fi omi gbígbóná fọ òkúta táńkì, ẹ má sè é lórí sítóòfù láéláé, irú ooru bẹ́ẹ̀ ti gbé odidi ìdílé lọ sí ọsibítù rí.

Omi ẹ̀rọ lásán kò dáa fún iṣẹ́ yìí, kemíkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò wà nínú ẹ̀, nígbà míì kọ́pà tún wà látinú páìpù, kọ́pà sì ni ikú edé àti ìgbín òkun. Omi RO, ìyẹn omi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ sẹ́ nǹkan wọ̀nyẹn kúrò nínú ẹ̀, ni kẹ́ ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù ẹja, kẹ́ ẹ po iyọ̀ òkun mọ́ ọn, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o. Ẹ ra refractometer láti fi wọn iyọ̀, 1.025 sí 1.026 là ń wá lójú ẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 35 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kí omi gbóná tó digirí 25. Èyí tó bá gbẹ lójoojúmọ́, omi RO tí kò níyọ̀ lẹ máa fi dí i, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi í ṣe, wọ́n á tún bu omi iyọ̀ sí iyọ̀. Tówó bá wà, ẹ ra ATO, ẹ̀rọ kékeré tó ń bu omi sí i fúnra ẹ̀, ká ní mo ti ní in nígbà Birmingham yẹn ni. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ pààrọ̀ bí ìdá mẹ́wàá omi, ìyẹn bọ́kẹ́ẹ̀tì kan péré, tẹ́ ẹ bá ń ṣe é déédéé ẹ ò nílò skimmer, ẹ̀rọ tó ń yọ ìdọ̀tí kúrò nínú omi, ní táńkì tó kéré báyìí.

Tẹ́ ẹ bá ti po omi, tẹ́ ẹ to òkúta bíi kílò 8 sí 10 sínú ẹ̀, ẹ dúró. Bakitéríà ni yóò kọ́kọ́ wá gbé ibẹ̀, àwọn ló ń sọ àmóníà, májèlé tó ń ti ara oúnjẹ àti ìgbẹ́ ẹja wá di nitrite, tí wọ́n tún sọ nitrite di nitrate tí kò le púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni ó sábà máa ń gbà. Ẹ ra ohun èlò tí wọ́n fi ń yẹ omi wò, títí àmóníà àti nitrite á fi di òdo kò sí ẹja tó ń wọlé. Táńkì á dọ̀tí láàárín ìgbà yẹn, nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ á bo iyanrìn, ọkàn yín ò gbọdọ̀ dà rú, ó máa lọ. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ìgbín òkun, kí ẹja kan tó tẹ̀ lé e, kí iyùn tó wá wọlé. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù, ẹ ṣáà mọ ibi tó máa ń bà sí.

Táńkì àlòkù ńkọ́? Ó dáa, ó ń dín owó kù, àmọ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti da oògùn kọ́pà sínú ẹ̀ rí. Kẹ́ ẹ bu omi kún un níta, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan gbáko, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń jò, kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń kà á. Ooru ni tiyín, omi lè dé digirí 30 láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan, iyùn ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Fáànù kékeré tó ń fẹ́ sójú omi lè fa ooru omi wálẹ̀ ní digirí bíi méjì, àmọ́ omi á máa yára gbẹ sí i, torí náà ATO yẹn di dandan. Pọ́ǹpù nìkan ni kẹ́ ẹ so mọ́ inverter, kì í jẹ iná púpọ̀, tí NEPA bá mú iná lọ omi ò ní dúró sójú kan. Ẹ má lọ pọn omi ọ̀sà wá o, omi odò ti là á, ìdọ̀tí ìlú sì wà nínú ẹ̀. Hítà ní tiyín, ẹ fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.