Lẹ́tà kan tó jẹ ìdajì ẹ̀dínwó ilé mi

1,500,000 sẹ́fà ni àwọn tó ń ta ilé fún mi ní àwọn máa yọ fún mi lára owó ilé. 750,000 ni mo rí gbà. Ìyókù, "ṣ" tó wà nínú orúkọ mi ló jẹ ẹ́, inú sì ń bí mi di òní.

Ilé tuntun ni, yàrá méjì àti pálọ̀, lẹ́yìn ìlú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin), lójú ọ̀nà Adjarra. Ẹni tí kò tíì nílé rí ni ẹ̀dínwó náà wà fún, àmọ́ ìwé onítọ̀hún gbọ́dọ̀ pé láàárín oṣù mẹ́ta. Ti bánkì, ti owó oṣù, ti owó àsansílẹ̀, kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí mo fi parí wọn. Ẹni tó bá ti yáwó ní bánkì rí mọ bó ṣe ń lọ.

Ọ̀dọ̀ notaire, amòfin tó ń ṣe ìwé àdéhùn tó bófin mu, ni nǹkan ti wọ́. Ilẹ̀ tó bá ti ní titre foncier, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ẹni tó ni ilẹ̀, iwájú notaire la ti ń rà á, èmi gan-an ò sì fẹ́ ẹ lọ́nà mìíràn, torí mo mọ ẹni tó ra ilẹ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹbí méjì. Akọ̀wé ibẹ̀ tẹ́ ìwé ìbí mi àti CIP mi, ìyẹn ìwé ìdánimọ̀, síwájú ara rẹ̀. Ó fi ẹnu báírò kan ti ọ̀tún, ó fi kan ti òsì.

"Madame, ta ni Achakè? Ta ni Assakè?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní èmi náà ni méjèèjì. Àṣàkẹ́ ni ìyá bàbá mi sọ mí. Faransé ò ní "ṣ". Ẹni tó bá wù ú a kọ "ch", ẹni tí kò bá wù ú a kọ "ss". Akọ̀wé ò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní lójú òfin, èèyàn méjì ni wọ́n.

Bí mo ṣe di èrò ilé ẹjọ́ nìyẹn, kí wọ́n lè tún ìwé ìbí ṣe. Kétu ni wọ́n bí mi sí, ilé ẹjọ́ Pọ̀bẹ̀ ló sì ń gbọ́ ti Kétu. Ẹ bá mi ka ọ̀nà náà: Àjàṣẹ́, Sákétẹ́, Pọ̀bẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ tí mo bọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀dà CIP wà nílé lórí tábìlì. Ìgbà kejì, ọjọ́ 10 oṣù January ni mo lọ! Ọjọ́ ọdún ìbílẹ̀ ló bọ́ sí lọ́dún yẹn, gbogbo ọ́fíìsì wà ní títì. Mo dúró níwájú géètì bí òmùgọ̀, mo ra ẹ̀wà àti gààrì, mo jẹ ẹ́, mo padà. Ìgbà kẹta, wọ́n ní kí n mú ìwé àtijọ́ àti ẹlẹ́rìí wá.

Àbúrò bàbá mi wọ́ àpótí páànù kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ikán ti jẹ etí ìwé inú rẹ̀ yíká, àmọ́ káàdì ìrìbọmi mi wà níbẹ̀, "Achakè" gbàgàdà. Bàbá wò mí látòkè délẹ̀.

"Ìwọ Àṣàkẹ́ yìí náà ni wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí pé ìwọ ni? Èmi tí mo fi oyin kàn ọ́ lẹ́nu lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ?"

Ó wọ agbádá tẹ̀lé mi ṣá.

Nígbà tí ìwé fi máa jáde, ọjọ́ 19 ti lé lórí oṣù mẹ́ta. Mo bẹ̀, mo kúnlẹ̀, wọ́n fún mi ní ìdajì. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wá sọ pé mítà iná SBEE àti mítà omi SONEB ò sí nínú owó ilé. Ẹ tètè bèèrè ìyẹn o. Kí ẹ sì tó san kọ́bọ̀, ẹ to ìwé ìbí, CIP àti ìwé bánkì yín sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ kà wọ́n ní lẹ́tà sí lẹ́tà. Ká ní mo ṣe bẹ́ẹ̀ ni, owó gààsì, ìdáná àti àga pálọ̀ ni mo bá fi 750,000 ṣe.

Àmọ́ nínú ọmọ méje tí bàbá mi bí, èmi obìnrin ni mo kọ́kọ́ di kọ́kọ́rọ́ ilé ara mi mú. Lọ́jọ́ tí mo kó wọlé, mo ní kí wẹ́dà kọ orúkọ mi sí géètì. Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo rí i ní funfun, gàdàgbà: "Chez Assakè".

Mo tún fún un ní 2,000, mo ní kó pa á rẹ́.