Bí mo ṣe wá ilé sí Ẹ̀fọ̀n nígbà tí iṣẹ́ gbé mi lọ sórí òkè

Orí òkè lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni iṣẹ́ náà wà, àbójútó oko kòkó. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n ń pe orúkọ, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ibi mẹ́rin ni mo kọ sílẹ̀ pé mo lè máa gbé: Adó-Èkìtì, Arámọ̀kọ, inú Ẹ̀fọ̀n, àti abà tó wà nínú oko. Kí n tó wo ilé kankan, ọ̀nà ni mo kọ́kọ́ fi yọ àwọn kan kúrò.

Adó ló kọ́kọ́ bọ́. Iná ibẹ̀ sàn, ilé ìwòsàn ńlá wà níbẹ̀, ọjà kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti Adó bọ̀ yóò gba Ìyìn, Ìgèdè àti Arámọ̀kọ kó tó dé oríta Ìtawúre, ibẹ̀ ni yóò ti yà sí Ẹ̀fọ̀n. Ọkọ̀ kì í sì í gbéra títí tí yóò fi kún, kódà bó o bá jí ní aago mẹ́rin. Arámọ̀kọ sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ ìṣirò ló pa á. Ká ní ₦500 ni ọ̀kadà tàbí táksì ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Àlọ àti àbọ̀, ọjọ́ 26 lóṣù, ₦26,000 nìyẹn. Lọ́dún, ₦312,000. Ìyẹn ni pé ilé tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́ lè fi ₦312,000 wọ́n ju ti Arámọ̀kọ lọ lọ́dún, kí owó méjèèjì sì dọ́gba. Bí owó ọkọ̀ bá ga ju bẹ́ẹ̀, ìṣirò náà á tún le sí i.

Ọ̀fẹ́ ni ilé abà. Wọ́n á sọ ọ́ fún ẹ bíi pé wọ́n ń ta ẹ́ lọ́rẹ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi dáhùn: aago mélòó ni ọ̀kadà tó kẹ́yìn máa ń gbà láti gun òkè? Àwọn ọlọ́kadà ni kó o bi, má bi ẹni tó fẹ́ gbà ẹ́ síṣẹ́. Aago méje alẹ́ ni wọ́n dá lé e, bí òjò bá sì rọ̀, wọn ò gùn rárá, torí amọ̀ pupa tó wà lójú ọ̀nà máa ń yọ̀. Bí ejò bá bu èèyàn jẹ ní abà ní aago mẹ́sàn-án, ẹsẹ̀ ni yóò fi sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú fìríjì ni wọ́n ń tọ́jú ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ oró ejò sí, kò sí i ní abà. Mo fi ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún wọn.

Ó wá ku Ẹ̀fọ̀n. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni púpọ̀ nínú ìlú náà wà, débi pé òrùlé ilé kan lè wà lọ́gbọọgba pẹ̀lú ìloro ilé tó wà lókè rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí mo máa ń wò ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, bíi ìbú yàrá àti táìsì, mo fi wọ́n sẹ́yìn. Ilé mẹ́ta ni mo wò lóṣù kẹta, torí ìgbà yẹn ni ẹ̀ẹ̀rùn ti fẹ́ tán, kànga sì ti lọ sílẹ̀ dé ibi tó máa ń lọ sílẹ̀ dé. Kànga gbogbo ló kún lóṣù kẹsàn-án, kò sí ohun tí ìyẹn ń sọ fún èèyàn.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá gé òkè kí wọ́n tó kọ́lé, ògiri ilẹ̀ kan máa ń dúró lẹ́yìn ilé. Ìbéèrè mi ni pé kí ló dì í mú? Ilé àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Ilẹ̀ náà ga ju mí lọ, kò jìnnà sí fèrèsé ju ìgbésẹ̀ méjì, àwọn igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ orí rẹ̀ sì ti ń fì sọ́nà ilé. Ilé kejì ní ògiri bíríkì tó dì í mú, ó sì ní ihò páìpù nísàlẹ̀ tí omi ń gbà jáde. Ihò yẹn ṣe pàtàkì ju nínípọn ògiri lọ: omi tí kò bá ríbi gbà máa ń wúwo sẹ́yìn ògiri títí yóò fi tì í ṣubú. Mo fi ọ̀pá kékeré tọ ihò náà wò bóyá kò dí.

Lẹ́yìn náà ni ara ògiri ilé. Sísán tó dúró gbọọrọ lára símẹ́ńtì kò dẹ́rù bà mí. Èyí tó bá dábùú láti igun fèrèsé lọ sí ilẹ̀, tí ìka sì lè wọ̀, ó ń sọ pé apá kan ilé ń rì. Ilé kẹta ní ọ̀dà tuntun yẹ́nyẹ́n. Ọ̀dà tuntun lóṣù kẹta máa ń mú mi bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ògiri. Lẹ́yìn ibi tí ibùsùn wà, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sókè ilẹ̀, mo rí ìlà ẹrẹ̀ pupa tín-ín-rín tí ọ̀dà kò bò tán. Ibi tí àgbàrá dé ní ọdún tó kọjá nìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá onílé, mo jáde.

Ó ku ilé kejì àti omi rẹ̀. Bó o bá bi onílé pé ṣé omi wà, bẹ́ẹ̀ ni ni yóò wí, kò sì parọ́. Bí mo ṣe bi màmá onílé ni pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, lóṣù kejì, ibo lẹ ti ń pọn omi?” Ó na ọwọ́ sí kànga inú ọgbà, ó ní, “Ibí yìí náà ni. Àmọ́ tí gbogbo ilé bá fọṣọ lọ́jọ́ Sátidé, a máa ń sinmi di ọjọ́ kejì.” Ìdáhùn yẹn sọ nǹkan púpọ̀ fún mi.

Mo wọn kànga náà. Okùn ọ̀rá, kókó kan ní mítà kọ̀ọ̀kan, òkúta lẹ́nu rẹ̀. Ibi tó tutù lára okùn ló ń sọ bí omi ṣe jìn tó. Kànga tó fẹ̀ ní mítà kan, tí omi inú rẹ̀ jẹ́ ìdajì mítà, kò ju nǹkan bí líta 390 lọ. Ayálégbé mẹ́rin tí olúkúlùkù ní èèyàn mẹ́rin nílé yóò gbé e gbẹ kó tó di ọ̀sán. Mítà méjì lé díẹ̀ ni mo bá nínú ti màmá. Ìyẹn nìkan kò tó, torí àpáta ni òkè yẹn, omi sì lè má tètè sun padà. Mo fa kòròbà 10 tó gba líta 10, omi fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 13 lọ sílẹ̀. Mo dúró fún wákàtí kan, mo tún wọ̀n ọ́n: ó ti padà sípò. Bí kò bá padà láàárín wákàtí mẹ́ta, ǹ bá ti bá tèmi lọ.

Mo tún wo ibi tí ṣalángá àti sókawéè àwọn ará òkè wà. Nínú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìdọ̀tí ẹni òkè ló ń sọ̀ wá sínú kànga ẹni ìsàlẹ̀. 30 mítà ni mo ń fẹ́ láàárín wọn, mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó lé díẹ̀. Síbẹ̀, mo ń se omi mímu.

Fún àfikún, mo ṣírò òjò. Mìlímítà kan òjò lórí mítà onígun kan jẹ́ líta kan. Òrùlé ilé náà jẹ́ mítà 8 sí 7, ìyẹn 56. Òjò 20 mìlímítà yóò fún èèyàn ní líta 1,120; yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún èyí tó ta dànù, ó ku nǹkan bí 900. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni gọ́tà wà, nítorí náà 450 ni mo ń kà. Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọyẹ́, mo jẹ́ kó fọ eruku páànù dànù kí n tó gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ rẹ̀.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò gba àkókò. Mo padà lọ ní aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí gbogbo ìlú wà lórí fóònù, mo pe ẹnì kan láti inú yàrá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú síìmù méjì. Yàrá tó kọjú sí òkè kò gbà rárá, pálọ̀ gbà. Ìwọ̀nba nìyẹn.

Iná: bi wọ́n pé Band wo ni ìlà wọn wà, ìyẹn ìpele tí iléeṣẹ́ iná pín àwọn oníbàárà sí. Band A ni wọ́n ṣèlérí ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́ fún, Band E wákàtí 4. Bó o bá fẹ́ lo sólà, dúró sínú ọgbà láàárọ̀ kó o wo aago tí oòrùn yọ lórí òkè. Níbi tí mo gbà, aago mẹ́sàn-án ti lé kí ó tó kan òrùlé, mo sì ra páànẹ́lì kan lé e.

Ọdún kan ni mo san, kì í ṣe méjì, bí wọ́n tilẹ̀ ń fi ẹ̀dínwó díẹ̀ fà mí. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àgírímẹ́ǹtì pé onílé ló ń tún ògiri ẹ̀yìnkùlé ṣe, àti pé kànga kò ní í di èyí tí wọ́n ń tà fún ará ìta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Màmá rẹ́rìn-ín sí èyí kejì, ó sì buwọ́ lù ú.

Ẹrù kíkó: ọkọ̀ ńlá kò lè gun ibẹ̀. Ojú títì ló já ẹrù sí, alábàárù mẹ́ta gbé e sókè. Kí o sọ iye owó kí wọ́n tó rí fìríjì.