Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Bí Mo Ṣe Ya Fídíò fún Ìdíje Ọ̀rọ̀ Sísọ

Ìṣẹ́jú 5 péré ni wọ́n fún wa nínú ìdíje ọ̀rọ̀ sísọ náà. Fídíò kan ṣoṣo, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìgé, láìlẹ̀. A kò gbọdọ̀ wo bébà, ojú wa àti ọwọ́ wa sì gbọ́dọ̀ hàn. Mo ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn sọ̀rọ̀ rí tí àyà mi kò já, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé èmi àti fóònù nínú yàrá kò lè gbà ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Ọjọ́ 3 ló gbà mí. Mo fẹ́ sọ bó ṣe lọ, torí mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ mìíràn ń múra irú ìdíje bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Ohun tí mo yàn láti sọ̀rọ̀ lé lórí ni ìbẹ̀rù tí kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè ìbéèrè nínú kíláàsì. Mo kọ ọ́ tán, mo kà á sókè, mo wo aago: ó ti lé ní ìṣẹ́jú 7. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ tó 900, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ń rọra sọ̀rọ̀ kó lè yé èèyàn kì í sábà sọ ju 130 sí 150 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Kí n sáré sọ ọ́ kò lè tún un ṣe, àfi kí n gé e. Ìkíni gígùn ló kọ́kọ́ lọ, ìtumọ̀ tí mo dà kọ láti inú ìwé atúmọ̀ èdè tẹ̀ lé e. Ìdí mẹ́ta tí mo tò kalẹ̀, mo yọ méjì kúrò níbẹ̀. Ìyẹn dùn mí, torí òótọ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tí mi ò fọwọ́ kàn: ìtàn sáà ẹ̀kọ́ tí mo fi ń mi orí fún olùkọ́ ìṣirò wa bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ìdá yé, tí kò sì yé mi rárá. Inú ìtàn yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ wà. Nígbà tí mo gé e tán, ó ku nǹkan bí ọ̀rọ̀ 560.

Pálọ̀ ni mo ti kọ́kọ́ yà á, mo kẹ̀yìn sí fèrèsé torí ibẹ̀ rẹwà. Ojú mi ṣókùnkùn birimù. Ìmọ́lẹ̀ gbogbo àwòrán ni kámẹ́rà máa ń wọ̀n pọ̀. Bí ẹ̀yìn ẹni bá mọ́lẹ̀ jù, á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú ẹni ni yóò sì jìyà rẹ̀. Mo yí padà, mo kọjú sí fèrèsé, ó parí. Mo to ìwé jọ títí fóònù fi ga dé ojú mi, mo dà á ní ìbú, mo fi aṣọ mímọ́ nu ojú kámẹ́rà, mo sì ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì pa kí ìpè má baà já iṣẹ́ gbà. Mo dúró ni, mi ò jókòó, torí èémí máa ń wọlé dáadáa bí èèyàn bá dúró.

Ohùn ló fi iṣẹ́ lọ̀ mí. Mo fi íápíìsì sétí láti gbọ́ ohun tí mo yà, ó ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àgbá òfìfo. Ògiri lásán àti ilẹ̀ líle máa ń dá ohùn padà, fóònù á sì gbà á pọ̀ mọ́ èyí tó ti ẹnu wá. Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sí yàrá tí a ń sùn, níbi tí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ àti kọ́tìnì ti ń gbé ohùn mì. Mo pa fáànù. Mo tún sún mọ́ fóònù títí ó fi ku bí ìgbésẹ̀ kan ààbọ̀, torí bí èèyàn bá ṣe jìnnà sí máìkì tó ni ariwo yàrá ṣe máa ń borí ohùn rẹ̀ tó. Ìyàtọ̀ tí ìyẹn mú wá pọ̀ gan-an. Bí ó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ lè tún ṣe, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ohùn. Èèyàn lè fara da àwòrán tí kò dán, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí kò bá gbọ́ kò lè yé e.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo èyí ti tò, síbẹ̀ fídíò náà kò wọ mí lọ́kàn. Mo wò ó títí kí n tó mọ ìdí rẹ̀: àwòrán ara mi lójú fóònù ni mò ń wò. Fún ẹni tó bá ń wo fídíò, ṣe ló dà bí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ tí ojú rẹ̀ ń yẹ̀. Mo yí fóònù padà, mo lo kámẹ́rà ẹ̀yìn, kí n má baà rí ara mi mọ́. Ojú mi wá dúró sójú kan, ṣùgbọ́n ohùn mi gbẹ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wọlé wá mú nǹkan dúró, ó gbọ́ díẹ̀, ó ní, “Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ gan-an?”

Mi ò rí èsì fún wọn. Ojú lọ̀rọ̀ wà, mi ò sì rí ojú ẹnikẹ́ni.

Ni mo bá bẹ àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, kó jókòó sẹ́yìn fóònù, kí ojú rẹ̀ yọ díẹ̀ lókè kámẹ́rà. Mo ní kó má rẹ́rìn-ín, kó má sọ̀rọ̀, kó kàn máa gbọ́. Nígbà àkọ́kọ́, mo dé gbólóhùn kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀, mo rí i tó fajú ro: kò yé e. Mo dúró níbẹ̀, mo tú u palẹ̀, mo fi ọ̀rọ̀ tí èmi àti ẹ̀ máa ń sọ nínú ilé rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí mo tún bẹ̀rẹ̀, tí mo dé ibi tí mo ti ń mi orí fún olùkọ́, ó wolẹ̀. Mo mọ̀ pé òun náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ohùn mi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, mo sì ń bá a sọ ọ́, òun gan-an.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti dẹ́kun kíkọ́ ọ̀rọ̀ sórí lẹ́yọ lẹ́yọ. Gbólóhùn àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn nìkan ni mo há sórí. Àárín wọn, kókó 5 ni mo fi sọ́kàn, ọ̀kan fún ìka kan. Ìgbà kẹjọ ni mo rí èyí tí mo fi ránṣẹ́. Ahọ́n mi kọ́ níbì kan nínú rẹ̀, mo tún ọ̀rọ̀ náà pè, mo ń bá a lọ. Mo yà á ní ìgbà méjì sí i tí ahọ́n mi kò kọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ní ẹ̀mí bíi tìyẹn nínú méjèèjì. Ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 41 ló jẹ́.

Nítorí pé a kò gbọdọ̀ gé nǹkan kan, mo ti mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí n tó ya ẹnu, mo sì dúró díẹ̀ ní ìparí kí àbúrò mi tó tẹ bọ́tìnì. Mo gbé e sórí YouTube lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa gba fídíò kẹ́yìn. Mo fi líǹkì náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n bá mi ṣí i lórí fóònù tiwọn. Kò ṣí: “Private” ni mo fi sílẹ̀, èmi nìkan ni mo lè rí i. Mo yí i sí “Unlisted”, kí ẹni tó bá ní líǹkì lè wò ó. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, ó ṣí, wọ́n jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wò ó dé òpin láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni mo fi líǹkì náà ránṣẹ́ sí àwọn adájọ́.