Bí A Ṣe Ń Yan Bàtà Tẹníìsì

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ tẹníìsì ní Adó-Èkìtì ló ń wọ bàtà tí wọ́n fi ń sáré láàárọ̀ lọ sí pápá, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ bàtà méjèèjì kò jọra. Iwájú ni ẹni tó ń sáré ń lọ, ìdí nìyí tí gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ fi ga tó sì rọ̀. Ẹni tó ń gbá tẹníìsì a máa yà sọ́tùn-ún, a yà sósì, a sì dúró lójijì. Bí gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ bá ga, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sì le, kò ṣòro kí ọrùn ẹsẹ̀ rọ́.

Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ bàtà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ di gìgísẹ̀ rẹ̀ mú lọ́wọ́ kan, ẹ di iwájú mú lọ́wọ́ kejì, kí ẹ wá lọ́ ọ bí ìgbà tí à ń fún aṣọ tí a fọ̀. Èyí tó bá lọ́ wẹ́rẹ́ láàárín, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ nìkan ló yẹ kó tẹ̀. Kí rọ́bà tó nípọn bo imú rẹ̀ pẹ̀lú, torí ẹsẹ̀ a máa wọ́ nílẹ̀ nígbà tí a bá ju bọ́ọ̀lù sókè láti bẹ̀rẹ̀ ayò.

Kọnkéré ni ọ̀pọ̀ pápá tí à ń lò, ó sì ń jẹ ìsàlẹ̀ bàtà gan-an. Ẹ wá èyí tí rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ le, tó ní ìlà wọ́gọwọ̀gọ tí kò ní jẹ́ kí eruku ọyẹ́ yọ yín ṣubú. Bàtà oníkókó kéékèèké tí wọ́n ṣe fún pápá koríko bíi ti Wimbledon yóò tètè pá níbí.

Ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọ̀ ọ́ wò, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ ó fi gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Kí àyè bí ìbú àtàǹpàkò ṣẹ́kù níwájú ìka tó gùn jù, kí gìgísẹ̀ má sì máa yọ. Bí iwájú bá fún, èékánná ni yóò dúdú.

Òkìrìkà Ọjà Ọba kò burú, owó rẹ̀ sì rọrùn, àmọ́ kí dídán rẹ̀ má tàn yín. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù rẹ̀: bí ó bá ti gan, tàbí tí ibi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ti ń ṣí, ẹ má rà á. Bí gìgísẹ̀ rẹ̀ bá sì ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìrìn ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ni ẹ fẹ́ fowó rà yẹn.