Ọ̀nà Tí Ẹrù Ilé Ń Gbà Dé Ilẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Kọ́lé

Kí ẹ tó ra búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo, ẹ mọ ibi tí ẹrù ilé yín, ìyẹn ìwúwo ilé náà àti ohun tó wà nínú rẹ̀, máa gbà dé ilẹ̀. Dẹ́kì (pèpéle kọ̀ǹkéré tó wà láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè ilé) ń tẹ bíìmù (ọ̀pá kọ̀ǹkéré tó dùbúlẹ̀ láti òpó dé òpó), bíìmù ń tẹ òpó, òpó ń tẹ ìpìlẹ̀, ìpìlẹ̀ ló wá ń gbé gbogbo rẹ̀ lé ilẹ̀ lórí. Ibi tí ọ̀nà yìí bá ti já ni ilé ti ń là.

Ìpìlẹ̀
Ẹ gbẹ́ ẹ títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ tó le. Ilẹ̀ òkè tí gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà wà nínú rẹ̀ kò lè gbé ilé, bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí wọ́n fi ìdọ̀tí dí. Tó bá jẹ́ àkùrọ̀ tàbí etí ọ̀sà, onímọ̀ẹ̀rọ ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kì í ṣe bíríkìlà.

Ògiri àti òpó
Nínú ilé ilẹ̀, ògiri fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń gbé òrùlé. Líńtẹ̀lì orí fèrèsé àti ilẹ̀kùn ló ń gba ẹrù tó bọ́ sójú àlàfo yẹn, tó sì ń pín in sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, torí náà kó wọ inú ògiri dáadáa lọ́tùn-ún lósì. Nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òpó àti bíìmù ló ń ṣiṣẹ́, búlọ́ọ̀kù kàn dí àárín wọn ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín: ẹ má da dẹ́kì lé ilé ilẹ̀ tí kò ní òpó torí pé owó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Bó bá wà lọ́kàn yín láti gbé e sókè lọ́jọ́ iwájú, láti ìpìlẹ̀ ni ẹ ti máa múra rẹ̀.

Kọ̀ǹkéré àti irin
Kọ̀ǹkéré kì í bẹ̀rù kí a tẹ̀ ẹ́, fífà ni kò lè gbà. Irin ló ń bá a gba fífà. Bíìmù tó wà láàárín òpó méjì, abẹ́ rẹ̀ ló ń nà, torí náà abẹ́ ni irin tó nípọn gbọ́dọ̀ wà. Bákónì tó yọ síta yàtọ̀ pátápátá: òkè rẹ̀ ló ń nà, òkè ni irin rẹ̀ ń gbé. Àṣìṣe ibí yìí dùn mí gan-an, torí bí irin bá tilẹ̀ wà lókè láàárọ̀, ẹsẹ̀ àwọn tó ń da kọ̀ǹkéré lè tẹ̀ ẹ́ lọ sísàlẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Ẹ dúró tì wọ́n.

Àdàlú tí àwọn bíríkìlà mọ̀ jù ni sìmẹ́ǹtì òṣùwọ̀n 1, yanrìn òṣùwọ̀n 2, òkúta òṣùwọ̀n 4. Omi púpọ̀ ń mú kó rọrùn láti pò, ṣùgbọ́n ó ń gba agbára rẹ̀. Ẹ máa fi omi rin ín fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Nígbà tó bá pé ọjọ́ 28 ni wọ́n ń wọn agbára rẹ̀, torí náà ẹ má jẹ́ kí káfíńtà kánjú yọ igi abẹ́ dẹ́kì.

Bí ilé bá là
Ìlà tín-ín-rín lára pílásítà lásán kì í ṣe ohun ìpayà. Èyí tó gba igun fèrèsé lọ dàgẹ̀rẹ̀, tàbí òpó tó ń bó tí irin inú rẹ̀ ti dípẹtà, ẹ má fi ọ̀dà bò ó. Ẹ rántí pé ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé kan tó ní iléèwé nínú wó ní Ìta Fájì, ní Erékùṣù Èkó, àwọn ọmọdé sì kú nínú rẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí òpin ibi tó là, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Bó bá ti kọjá àmì náà, ẹ pe onímọ̀ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ òpó ló là, ẹ kó àwọn ọmọ jáde lọ́jọ́ náà gan-an.