Bí a Ṣe Ń Ṣe Àkójọ Àwọn Orísun Ìtànṣán EUV Lójú Ọ̀run

Ìtànṣán tí à ń pè ní extreme ultraviolet, tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ gé kúrú sí EUV, wà láàárín X-ray àti ultraviolet tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Gígùn ìgbì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi nánómítà 10, ó sì parí sí nánómítà 91.2, nítorí pé bí ìgbì bá ti gùn ju ìyẹn lọ, kò ní agbára mọ́ láti já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára átọ̀mù háídrójìn. Afẹ́fẹ́ ayé ń gbé gbogbo rẹ̀ mì kó tó dé ilẹ̀. Kò sí òkè tó ga tó tí a lè dúró lé lórí wò ó, àfi kí a gbé awò awọ̀nàjíjìn kọjá afẹ́fẹ́.

Àwọn àkójọ tí a gbára lé jù lónìí ti ọwọ́ sátẹ́láìtì méjì wá. Èkínní ni ROSAT, tó gbéra ní oṣù kẹfà ọdún 1990, tó sì gbé awò kan tí wọ́n kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Wide Field Camera, dání. Èkejì ni EUVE, tí NASA fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 1992, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì parí ní ọdún 2001. Àwọn sátẹ́láìtì náà ti lọ, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kó jọ ṣì wà nínú àpamọ́ tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn: MAST ní Baltimore ni ti EUVE wà, HEASARC ti NASA ni ẹ ó ti rí ti ROSAT. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà àti sùúrù lè tún àkójọ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí kí ó fi ọ̀nà kan náà ṣe tirẹ̀ fún apá kan ojú ọ̀run. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jálẹ̀ iṣẹ́ náà ni pé pípọ̀ tí orúkọ bá pọ̀ nínú àkójọ kò sọ ọ́ di àkójọ rere. Ó yẹ kí ẹni tó ń kà á lè mọ̀, lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, bí ó ṣe lè fara tì í tó.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ojú lè dé

Háídrójìn tó wà káàkiri láàárín àwọn ìràwọ̀ ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí. Átọ̀mù rẹ̀ ń gba fótóònù EUV, ìyẹn èérún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, mọ́ra, pàápàá àwọn tí ìgbì wọn sún mọ́ nánómítà 91.2, hílíọ̀m sì ń dá kún un láti nánómítà 50.4 wálẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èrò tó gbilẹ̀ ni pé ìtànṣán yìí kò lè rìn jìnnà rárá, pé Oòrùn nìkan ni a ó máa rí. Ìdí èrò yẹn kò ṣòro láti rí. Bí átọ̀mù kan bá wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan, ìmọ́lẹ̀ tó wà ní etí nánómítà 91.2 yóò ti dín kù sí bí ìdá kan nínú mẹ́ta kó tó rin ìdá kan nínú márùn-ún ọdún ìmọ́lẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ìràwọ̀ tó sún mọ́ Oòrùn jù lọ sì jìnnà ju ọdún ìmọ́lẹ̀ mẹ́rin lọ. Ní ọdún 1975, nígbà tí ọkọ̀ Apollo àti Soyuz pàdé lójú òfuurufú, awò kékeré kan tí Stuart Bowyer àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley ṣe rí ohun mẹ́rin tó ń tan EUV lẹ́yìn òde Oòrùn: HZ 43, Feige 24, Proxima Centauri àti SS Cygni. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé Oòrùn wà nínú ihò ńlá kan tí gáàsì rẹ̀ ṣọ́wọ́n gan-an, àti pé ihò náà kò gùn bákan náà sí gbogbo ìhà.

Èyí kan àkójọ yín tààràtà. Ibi tí orísun kò pọ̀ lójú ọ̀run lè jẹ́ ibi tí háídrójìn ti dí ojú, kì í ṣe ibi tí ìràwọ̀ kò sí. Àpẹẹrẹ tó dùn mọ́ mi jù ni Adhara, ìràwọ̀ gbígbóná inú àgbájọ Canis Major. Ó jìnnà sí wa ju 400 ọdún ìmọ́lẹ̀ lọ, ìlọ́po méjì ọ̀nà tó wà láàárín àwa àti HZ 43, síbẹ̀ òun ni EUVE rí pé ó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn òde Oòrùn lọ ní apá tí ìgbì ti gùn, nítorí pé ọ̀nà tóóró kan tí gáàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú rẹ̀ ṣí láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa.

Kíkó fótóònù jọ, àti mímọ àkókò tí awò fi wo ibì kọ̀ọ̀kan

Ìtànṣán EUV kì í padà lára dígí tí a bá gbé kò ó lójú. Wúrà ni wọ́n fi bo dígí EUVE, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rá pálá gba ojú rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn dígí ni fílítà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà, tó ń yan ìwọ̀n ìgbì: mẹ́rin ni EUVE lò fún àyẹ̀wò gbogbo ọ̀run, tí àárín wọn wà ní nǹkan bíi nánómítà 10, 20, 40 àti 60. Lẹ́yìn fílítà ni ẹ̀rọ tó ń ka fótóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí àwòrán kankan nínú ohun tí ẹ ó gbà. Ìlà lórí ìlà ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ibi tí fótóònù kan ti bà àti àkókò tó bà á. Ẹ̀yin ni yóò fi ibi tí sátẹ́láìtì kọjú sí ní àkókò náà yí i padà sí ipò lójú ọ̀run.

Kí ẹ tó ka ohunkóhun, ẹ ṣe àwòrán mìíràn tó ń fi iye ìṣẹ́jú àáyá tí awò lò lórí ibì kọ̀ọ̀kan hàn. Iṣẹ́ yìí máa ń súni, ó sì wà lára ohun tí mo rọ̀ yín jù pé kí ẹ má fò. EUVE ń yí bí òkòtó, òpó ìyípo rẹ̀ kọjú sí Oòrùn, awò mẹ́ta sì ń gbá òbìrí kan lójú ọ̀run, tí òbìrí náà ń sún díẹ̀díẹ̀ bí ayé ti ń yí Oòrùn ká, títí oṣù mẹ́fà fi pé tí gbogbo ọ̀run fi parí. Òbìrí kọ̀ọ̀kan ló ń gba àwọn òpó méjèèjì ecliptic (ọ̀nà tí Oòrùn dà bí ẹni ń gbà lójú ọ̀run lọ́dọọdún) kọjá, nítorí náà àkókò tí awò lò níbẹ̀ pọ̀ ju ti ibòmíràn lọ fíìfíì. Ẹni tí kò bá ṣírò èyí yóò rò pé ìràwọ̀ EUV kúndùn ibẹ̀.

Ẹ yọ àkókò tí sátẹ́láìtì ń gba agbègbè South Atlantic Anomaly kọjá kúrò, nítorí àwọn èérún oníná ibẹ̀ ń ba ìkà jẹ́. Ẹ tún ya ojúmọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára òru. Hílíọ̀m tó wà lókè afẹ́fẹ́ ayé ń tan ìmọ́lẹ̀ Oòrùn padà ní nánómítà 30.4 àti 58.4, ìyẹn sì ń bo ojú fílítà tí ìgbì rẹ̀ gùn.

Ìgbà wo ni a lè sọ pé nǹkan wà níbẹ̀?

Níhìn-ín ni àkójọ ti ń dára tàbí bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí a mú ibì kan wò dáadáa. Ká ní nínú àpótí kékeré kan, tí ìhà rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá dígírì, ìmọ́lẹ̀ àbẹ́lẹ̀ tó yí i ká sọ fún yín pé fótóònù 12 ló yẹ kó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ka 30. Ojú lásán yóò sọ pé orísun ti jáde. Ìṣirò Poisson, tí a fi ń mọ bí iye kan ṣe lè ṣèèṣì pọ̀ tó, náà sọ pé, bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, àǹfààní pé kí 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣèèṣì bọ́ sínú àpótí yẹn kò ju ẹ̀ẹ̀kan nínú nǹkan bíi 110,000 lọ. Ó dà bí ìdánilójú tó tó. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ọ̀run jẹ́ dígírì onígun mẹ́rin 41,253, tó túmọ̀ sí pé irú àpótí bẹ́ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Bí ẹ bá yẹ gbogbo wọn wò pẹ̀lú òfin kan náà, orísun bíi 37 ni yóò wọ inú àkójọ yín tí kò sí lójú ọ̀run rárá.

Nítorí náà, kí ẹ tó wo èsì, ẹ kọ́kọ́ pinnu iye orísun èké tí ẹ lè fara mọ́ nínú àkójọ náà, bóyá ẹyọ kan tàbí méjì, kí ẹ wá ti ibẹ̀ ṣírò padà sí ààlà tí ẹ ó lò. Ẹ má ṣe sún ààlà náà lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i pé ìràwọ̀ kan tí ẹ fẹ́ràn bọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Ẹ kọ ààlà náà sílẹ̀ nínú àlàyé tó ṣáájú àkójọ, kí òǹkàwé lè fojú ara rẹ̀ rí i.

Ọ̀nà tí a gbà ka fótóònù náà ṣe pàtàkì. Àkójọ àkọ́kọ́ láti ọ̀dọ̀ Wide Field Camera, tó jáde ní ọdún 1993, ní orísun 383. Nígbà tí wọ́n tún àyẹ̀wò kan náà yẹ̀ wò pẹ̀lú ọ̀nà tó dára sí i, èyí tó jáde ní ọdún 1995 ní 479. Ìmọ́lẹ̀ tuntun kankan kò wọlé láàárín ọdún méjèèjì. Bákan náà, àwọn kan fi àyẹ̀wò EUVE ní nánómítà 10 àti ti X-ray rírọ̀ láti ọ̀dọ̀ ROSAT sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: ohun tí kò tó gbà gbọ́ nínú ọ̀kan ṣoṣo di èyí tó ṣeé gbà nígbà tí ẹ̀rọ méjèèjì tọ́ka sí ibì kan náà, wọ́n sì gbé orísun 534 jáde ní ọdún 1997. Mo ka ọgbọ́n yìí sí èyí tó yẹ kí ẹni tí data rẹ̀ kò lágbára kọ́kọ́ gbìyànjú.

Ìmọ́lẹ̀ tó yọ́ wọlé

Fílítà tó fẹ́lẹ́ máa ń ní ihò tóótòòtó, àwọn mìíràn sì máa ń jẹ́ kí díẹ̀ lára ultraviolet lásán kọjá. Díẹ̀ yìí kéré, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ gbígbóná onípele O àti B ń tan ultraviolet lásán lọ́nà tó pọ̀ ju EUV wọn lọ lọ́pọ̀ ìlọ́po, débi pé wọn yóò hàn gẹ́gẹ́ bí orísun EUV nígbà tí wọn kì í ṣe é. Bí orísun kan bá bọ́ sórí irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ṣírò iye tí ihò fílítà lè mú wá láti ara rẹ̀, kí ẹ sì fi àmì sí i lórí ìlà rẹ̀. Àmì ni mo wí, ẹ má pa á rẹ́. Ìràwọ̀ onípele B ni Adhara pẹ̀lú. Bí ẹnì kan bá ti fi òfin gbogboogbò gbá gbogbo wọn dànù, ìbá ti sọ èyí tó mọ́lẹ̀ jù lọ nù. Ẹ̀rọ tó ń tú ìmọ́lẹ̀ sí ìwọ̀n ìgbì rẹ̀ nínú EUVE ló fi hàn pé EUV gidi ló ń tan.

Fífi orúkọ fún orísun, àti wíwá ẹni tó ni ín

Ẹ fún orísun ní orúkọ láti ara ipò rẹ̀ ní J2000 (ètò ipò lójú ọ̀run tí a gbé ka ọdún 2000), kí ẹ sì gé nọ́ńbà náà kù, ẹ má ṣe yí i sókè. HZ 43 ń jẹ́ EUVE J1316+29.0: wákàtí 13 ìṣẹ́jú 16, àti dígírì 29.0 sí àríwá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ipò rẹ̀ gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 29.1. Orúkọ yìí kì í yí padà, kódà bí a bá padà mọ ìràwọ̀ tó ni ín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ohun tó wà nínú òbìrí àṣìṣe ipò náà, tó máa ń tó ìṣẹ́jú kan dígírì, ìyẹn ìdá kan nínú ọgọ́ta dígírì. SIMBAD, àpamọ́ orúkọ ìràwọ̀ tó wà ní Strasbourg, àti àkójọ ipò ìràwọ̀ láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì Gaia ni mo máa ń dá lábàá. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ orí ipò. Ọdún 1990 sí 1993 ni àyẹ̀wò EUV wáyé. Ipò inú Gaia jẹ́ ti ọdún 2016. Àwọn ìràwọ̀ tó sún mọ́ wa ló pọ̀ nínú àkójọ EUV, àwọn náà ló sì ń yára sún lójú ọ̀run jù. Proxima Centauri ń sún ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá dígírì 3.9 lọ́dún. Láàárín ọdún 1992 sí 2016, ó ti kúrò ní àyè rẹ̀ ní ohun tó lé ní ìṣẹ́jú dígírì kan àtààbọ̀, ó ti jáde pátápátá nínú òbìrí àṣìṣe. Bí ẹ kò bá dá ipò Gaia padà sí ọdún àyẹ̀wò, ẹ ó kọ "a kò mọ̀ ọ́n" sí iwájú aládùúgbò Oòrùn tó sún mọ́ ọn jù lọ, tàbí kí ẹ fi orúkọ ìràwọ̀ mìíràn tó jìnnà réré dí àyè rẹ̀.

Àwọn oríṣi tí ẹ ó máa bá pàdé kò pọ̀. Aràrá funfun (white dwarf, òkú ìràwọ̀ tó sún kì) tó ṣì gbóná wà, bíi HZ 43 àti G191-B2B. Ìràwọ̀ tútù tí gáàsì òde rẹ̀ (corona) gbóná ju ojú rẹ̀ lọ wà, bíi Capella, Procyon àti AU Microscopii. Ìràwọ̀ méjì tí ọ̀kan ń fa gáàsì ara èkejì wà. Gàlákísì díẹ̀ sì wà tí àárín wọn ń jó kíkankíkan. Bí ìràwọ̀ tí ẹ bá nínú òbìrí kò bá sí nínú irú wọ̀nyí, ẹ má ṣe yára gbà á. Ẹ gbé òbìrí tó tóbi bákan náà sórí ọgọ́rùn-ún ibi tí kò sí orísun, kí ẹ sì ka iye ìgbà tí irú ìràwọ̀ náà ṣèèṣì bọ́ sínú wọn.

Kíkọ ìlà kọ̀ọ̀kan

Lórí ìlà, ẹ kọ ipò àti àṣìṣe rẹ̀, iye fótóònù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan fún fílítà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àṣìṣe tirẹ̀, àkókò tí awò lò níbẹ̀, bí ìdánilójú ṣe tó, àti ẹni tí ẹ rò pé ó ni orísun. Ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ìyípadà pẹ̀lú. Ní oṣù keje ọdún 1992, AU Microscopii bú jáde lójú EUVE, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ga lọ́nà tí ìpíndọ́gba kan ṣoṣo kò lè sọ. Irú orísun bẹ́ẹ̀ nílò iye tó ga jù àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀.

Nínú fílítà tí ẹ kò ti rí nǹkan, ẹ má ṣe kọ òdo, ẹ má sì fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Ẹ kọ iye tó pọ̀ jù tí orísun náà ìbá ní kó tó hàn sí yín. Aràrá funfun tó hàn ní nánómítà 10 tí kò hàn ní 40 ń sọ fún wa nípa háídrójìn tó wà lójú ọ̀nà. Àkójọ EUVE kejì ní orísun 734, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kò sì tíì mọ ẹni tó ni wọ́n nígbà tó jáde ní ọdún 1996. Wọ́n tẹ̀ wọ́n jáde bẹ́ẹ̀, ipò àti ìwọ̀n wọn pé, àyè orúkọ ṣófo. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún tiyín pẹ̀lú.